Ohun tí mo kọ́ nígbà tí ọmọ òjòlá ilé wa kọ oúnjẹ

Nígbà tí ọmọkùnrin mi pé ọmọ ọdún 12 ní oṣù kẹwàá, a ra ọmọ òjòlá kan fún un níhìn-ín ní Houston. Irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Python regius ni, òjòlá kékeré tí ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni orírun rẹ̀, láti Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà ni wọ́n sì ti kó púpọ̀ nínú wọn wá sí Amẹ́ríkà. Nítorí pé regius túmọ̀ sí "ti ọba," ọmọ mi sọ ọ́ ní Adé. Gíráàmù 62 ni òṣùwọ̀n fi hàn lọ́jọ́ tí Adé wọlé wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko sì kọjá tí kò fi ẹnu kan ohunkóhun àfi omi.

Mo ti tọ́ ọmọ mẹ́ta, mo mọ bí ọkàn abiyamọ ti ń rí bí ọmọ bá ń yí ojú kúrò níbi oúnjẹ. Nítorí náà, bí mo ti máa ń ṣe fún àwọn ọmọ mi ni mo ṣe fún ejò: mo ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, mo ń ṣí àpótí láti wò ó, mo sì ń jẹ́ kí ọmọ mi gbé e lọ́wọ́ kí ó lè mọ̀ wá. Àṣìṣe ńlá ni èyí. Ejò tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kì í jẹun, ìdààmú tuntun sì ni ìdérí tí a bá ṣí jẹ́ fún un.

Inú ihò eku àti inú ọ̀gán ni irú ejò yìí máa ń fara pamọ́ sí lọ́sàn-án, níbi tí ara rẹ̀ ti ń kan ògiri yíká. Àpótí onígíláàsì tí ojú ń tó láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni èmi fi í sí. Mo fi páálí dúdú bo ìhà mẹ́ta, mo fi ibi ìsápamọ́ tó há gádígádí méjì sínú rẹ̀, ọ̀kan níbi tó gbóná, èkejì níbi tó tutù. Ooru náà sì ní àbùkù: tẹmómítà olówó pọ́ọ́kú tí mo lẹ̀ mọ́ gíláàsì ń sọ pé 32°C ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ́ èyí tí ó péye síbi tí Adé ń sùn gan-an, 27°C péré ni mo bá. Ooru ibi tí ejò bá wà ni ikùn rẹ̀ fi ń da oúnjẹ, nítorí náà ẹ má ṣe fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí n ti béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á fún wa. Ọmọ eku ilé láàyè ni ó ti ń jẹ níbẹ̀, èmi sì ń fún un ní ọmọ irú eku mìíràn tí ó tóbi ju eku ilé lọ, tí ó wá láti inú fírísà, tí òórùn rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Mo wá ọmọ eku ilé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú, tí ó wọn gíráàmù 7, mo sì fi Adé sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méje. Ní àkókò yìí ó ti fọn dé gíráàmù 57. Mo ti pinnu pé bí ó bá tún fọn sí i, tàbí bí mo bá rí ìfófòó lẹ́nu rẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni à ń lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ keje, mo fi eku náà, tí òun náà wá láti inú fírísà, sínú ọ̀rá, mo rì í sínú omi gbígbóná títí ó fi yọ́ dé inú, tí orí rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ má ṣe fi í sínú máíkíròwéèfù, nítorí pé ó lè bẹ́. Ooru ṣe pàtàkì, nítorí pé àwọn ihò kéékèèké tó wà létè ejò yìí ni ó fi ń mọ ibi tí ẹran tí ara rẹ̀ gbóná wà. Mo pa iná, mo fi ẹ̀mú gígùn di ẹ̀yìn eku náà mú, mo sì dúró láìmira. Adé yọ orí díẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ń jáde wéréwéré, lẹ́yìn náà ó rọra, ọrùn rẹ̀ wá ká kọ́rọ́kọ́rọ́. Lójijì ó ta, ó gbá eku náà mú, ó sì wé mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo fi ẹ̀mú náà sílẹ̀ síbẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ kí ọwọ́ mi gbọ̀n.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a kò fi fọwọ́ kàn án lẹ́yìn náà, kí ó má baà pọ̀ ọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọmọ mi fọ ọwọ́, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó sì ké sí mi láti yàrá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, ẹ wá wò ó, 63!"