Kaduna ni àbí Zaria? Gbèsè méjì tó wà nídìí wíwa bàálù èrò

Ọmọ tó bá dàgbà ní Máfolúkù tàbí Ajao Estate, tó ń gbọ́ ìró bàálù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó wá sọ pé awakọ̀ bàálù lòun fẹ́ ṣe, kì í pẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Ẹ̀gbọ́n bàbá á ní kó gba ilé ẹ̀kọ́ ológun ní Kaduna wọṣẹ́ ológun òfuurufú, ìjọba ló máa sanwó. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Balógun á ní òun ò bímọ fún ogun, òun á kúkú ta ilẹ̀ Ìkòròdú kó fi lọ kọ́ wíwa bàálù ní Zaria. Owó làwọn méjèèjì ń sọ, bẹ́ẹ̀ ara ọmọ náà ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àyẹ̀wò ìlera Class 1, èyí tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ bàálù èrò, ni kó lọ ṣe, lọ́dọ̀ dókítà tí NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ bàálù ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí. Ẹ má tíì fọwọ́ kan ilẹ̀ títí èsì rẹ̀ á fi jáde. Wọ́n á wo ojú, etí, ọkàn, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ríran dé 6/9, méjèèjì pọ̀ kó dé 6/6, àmọ́ wọ́n gba awò láàyè, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín lórí ìyẹn. Àwọ̀ ló ń lé àwọn èèyàn padà. Wọ́n á ṣí ìwé Ishihara, tó kún fún ẹ̀kán-ẹ̀kán aláràbarà tí nọ́ńbà fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kò mọ̀ pé pupa àti àwọ̀ ewé ń dàrú mọ́ra lójú àwọn títí wọ́n fi dé iwájú ìwé yẹn. Ó sàn kó mọ̀ lónìí ju lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ológun ní àyẹ̀wò tiwọn, tó tún ka gíga mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n dá padà níbẹ̀ ṣì lè yege Class 1.

Bí ara bá ti dá a láre, ó kù ká sọ̀rọ̀ gbèsè. Náírà ni Zaria ń gbà, ọdún ni Kaduna ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú Kaduna. Ọmọ á fi NDA, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, ṣe àkọ́kọ́ nínú JAMB, á ṣe ìdánwò tiwọn, á sì tún lọ jókòó níwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàyàn. Bó bá wọlé, ọdún márùn-ún ni: oyè yunifásítì pẹ̀lú iṣẹ́ ológun. Ibi tí ẹ̀gbọ́n bàbá kì í dé rèé: gbogbo ẹni tó wọ aṣọ ológun òfuurufú kọ́ ló ń wa bàálù. Ẹnjiníà wà níbẹ̀, olùtọ́jú ẹrù wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ ibùdó wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá ló máa pinnu ẹni tó máa dé ilé ẹ̀kọ́ ìfòfuurufú wọn ní Kaduna tàbí Kano, àwọn náà ló sì máa pinnu irú bàálù tí wọ́n máa fún un wà. Kò sí "mi ò fẹ́" nínú iṣẹ́ sójà.

Ohun tí wọ́n bá sì fún un wà ló máa sọ bóun àti bàálù èrò ṣe máa jìnnà síra tó. Bó bá bọ́ sórí bàálù ńlá bíi C-130 tàbí ATR 42, ó ti súnmọ́ tòsí, nítorí ìyẹn ń kọ́ èèyàn láti bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú yàrá awakọ̀. ATR 42 àti ATR 72 tí àwọn iléeṣẹ́ kan ń fi kó èrò nílé níbí jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Bó bá jẹ́ bàálù ogun ni, òun nìkan ló sábà máa wà níbẹ̀, ìrìn rẹ̀ kì í sì í pẹ́, wákàtí kì í tètè pọ̀. Helikópítà ló le jù. Wákàtí rẹ̀ kò wọ inú wákàtí bàálù oníyẹ̀ẹ́ lódindi, ẹni tó ti wà á fún ọdún mẹ́wàá ṣì máa padà lọ jókòó sínú bàálù kékeré bí akẹ́kọ̀ọ́.

Báàjì ìyẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àyà kì í sì í ṣe láísẹ́ńsì. Ọjọ́ tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ìdánwò NCAA, Class 1 àti àyẹ̀wò nínú bàálù ń dúró dè é. Kó tètè máa kọ ìwé wákàtí tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ọ̀gá máa fọwọ́ sí i: èyí tó jẹ́ olórí, èyí tó jẹ́ igbákejì, ti òru, ti inú kùrukùru. Nílé iṣẹ́ bàálù èrò, láti ìgbà tí bàálù bá ti ṣí lójú kan láti lọ gbéra ni aago ti ń kà, títí tó fi dúró pátápátá. Ọ̀pọ̀ ológun, láti ìgbà tí táyà bá kúrò nílẹ̀ ni wọ́n ń kà á. Ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ń di wákàtí tó bá pẹ́.

Ẹ má tẹ̀ lé ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ lórí YouTube ní tààràtà. Níbẹ̀, wákàtí 1,500 ni wọ́n ń béèrè kéèyàn tó jókòó sí ìhà ọ̀tún, ìjókòó igbákejì awakọ̀, nínú bàálù èrò, wọ́n wá gé e sí 750 fún ẹni tó ti wa bàálù lọ́wọ́ ológun, èyí ló mú kí ọ̀nà ológun dùn ún gbà lọ́dọ̀ wọn. (Àwọn náà ń san án: ológun òfuurufú wọn ń gba ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n bá gba ìyẹ́.) Níbí, ẹni tó bá ní CPL (láísẹ́ńsì awakọ̀ tó ń gbowó iṣẹ́), pẹ̀lú àṣẹ IR (fífi ẹ̀rọ nìkan darí bàálù, bíi nínú kùrukùru) àti ti bàálù ẹ́ńjìnnì púpọ̀, lè di igbákejì pẹ̀lú wákàtí bíi 200, bí iléeṣẹ́ bá gbà á. Láísẹ́ńsì ATPL tó máa sọ ọ́ di ọ̀gá awakọ̀ ló ń béèrè 1,500.

Zaria ńkọ́? Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà níbẹ̀ láti 1964 nìyẹn. Ọ̀kan tún wà ní Ìlọrin, àwọn kan sì ń gba òkè òkun lọ. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni, ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì àti físíìsì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè ìwé àṣẹ tí NCAA fún ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹ má béèrè iye bàálù tó wà nílẹ̀. Iye tó fò lọ́sẹ̀ yìí ni kí ẹ béèrè. Ẹ béèrè epo tó ń mu pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ bàálù kékeré, avgas, bẹntiróòlù bàálù, ni wọ́n ń lò, òkè òkun ló ti ń wá, ó sì ń wọ́n nígbà míì. Àwọn bàálù Diamond tó ń mu Jet A-1 bíi ti bàálù ńlá kì í ní ìṣòro yẹn. Ẹ tún rántí ọyẹ́: láti December sí February, eruku lè dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní òkè Ọya.

Owó tó tán lójú ọ̀nà ló ń pa àlá ọ̀pọ̀ ọmọ. Ẹni tó ṣètò $50,000 fún ilé ẹ̀kọ́ òkè òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí dọ́là wà ní nǹkan bíi ₦460 ní ilé ìfowópamọ́, mílíọ̀nù mẹ́tàlélógún náírà ló ní lọ́kàn. Kí ó tó tó ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là ti kọjá ₦1,400, owó kan náà ti lé ní mílíọ̀nù àádọ́rin. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró ní wákàtí 90, ọwọ́ rẹ̀ á yọ̀, tó bá padà wá, á tún sanwó láti rántí ohun tó ti mọ̀. Nítorí náà, kí owó pé kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ìdá kan nínú rẹ̀ sì ṣẹ́kù. Láísẹ́ńsì kì í ṣe òpin ìnáwó: ẹ̀kọ́ bàálù kan pàtó ń bọ̀, ọ̀pọ̀ ló ń lọ ṣe é nínú simulator, ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi bàálù, lókè òkun. Bí iléeṣẹ́ bá san án fún un, wọ́n á ní kó tọwọ́ bọ̀wé ọdún díẹ̀. Ní àkókò tó ń dúró de iṣẹ́, tó ń fi ìwé kiri MMA2, pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà, Class 1 ń fẹ́ àtúnṣe lọ́dọọdún, IR náà ń fẹ́ àyẹ̀wò.

Ẹ ka ọjọ́ orí sí i. Ọmọ ọdún 23 tó ti Zaria jáde lè ti wà lórí ìjókòó igbákejì. Ọmọ ọdún 23 tó ti NDA jáde, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìfòfuurufú ni, bí wọ́n bá yàn án. Ọdún 65 sì ni òpin fún awakọ̀ bàálù èrò tó bá ń fò káàkiri àgbáyé.

Lójú tèmi, ìbéèrè kan ló yẹ kí ẹ bi ọmọ náà, kí ìyá àti ẹ̀gbọ́n bàbá sì dákẹ́ kó dáhùn: bí wọn ò bá fún ọ ní bàálù láéláé, tí wọ́n ní kí o máa ṣọ́ ilé ìtọ́jú ohun ìjà ní Maiduguri, ṣé wàá ṣì fẹ́ràn aṣọ náà? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kó máa lọ sí Kaduna. Bó bá fajú ro, ẹ pe ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ Ìkòròdú.