Òrùka titanium: ó ti kan àwọ̀

Sátidé àkọ́kọ́. Ọ̀pá titanium, irin fífúyẹ́ tí mo rà láti fi ṣe òrùka fún ìyàwó mi, ti dé. Ó nípọn ní mìlímítà 25, ó sì gùn ní 100. Mo gbé e lé òṣùwọ̀n ìdáná ìyàwó mi: gíráàmù 221. Irin lásán tó bá tó báyẹn ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn 385. Gbogbo ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ mi ló ń gbé e sókè jù, torí ojú ti sọ fún ọwọ́ pé ó wúwo.

Grade 2, titanium tí wọn kò po irin mìíràn mọ́, ni mo rà. Grade 5, tí wọ́n po aluminium àti vanadium mọ́, ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yà ọkọ̀ òfuurufú àti egungun ìbàdí àtọwọ́dá. Ìyẹn le ju apá mi lọ.

Sátidé kejì. Mo ba ẹnu dírílì méjì jẹ́. Ẹ̀bi mi ni, mo yí i sáré bí ẹni ń lu pákó. Titanium kì í tètè gbé ooru kúrò lójú kan, nítorí náà ẹnu dírílì ni gbogbo ooru dá sí. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ léètì fi mí rẹ́rìn-ín lórí fóònù: "Àbúrò, rọra yí i, tẹ̀ ẹ́ gan-an, kó o sì da òróró sí i. Bó bá ń họ ọ́ lójú kan láì gé e, á le sí ọ lọ́wọ́." Mo ṣe bó ṣe wí, èérún sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká jáde bí èèpo ọsàn.

Mo máa ń tètè gbá èérún náà. Èyí tó bá kúnná lè gbiná, omi á sì tún mú kí iná náà burú sí i ni. Garawa iyanrìn gbígbẹ ló wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

Àárín ọ̀sẹ̀. Fáìlì àti sáńpépà.

Ìyàwó mi béèrè ìdí tí ọ̀pá kékeré fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ó ṣọ̀wọ́n nílẹ̀. Inú iyanrìn dúdú ni William Gregor, àlùfáà kan, ti rí i ní Cornwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1791; ní Jos, ilmenite, òkúta dúdú tí titanium wà nínú rẹ̀, wà nínú iyanrìn tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti wa tánńganran. Bí wọ́n á ṣe já a gbà lọ́wọ́ ọ́síjìn ni wàhálà. Wọ́n á fi chlorine sọ ọ́ di olómi, wọ́n á wá fi magnesium yíyọ́ gba chlorine náà lára rẹ̀, nínú ìkòkò tí afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ wọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń wà kì í tiẹ̀ di irin rárá. Àtíkè funfun ni wọ́n ń sọ ọ́ dà, fún ọ̀dà ògiri, bébà àti ọṣẹ ìfọyín. Mo wo ògiri gáréèjì mi, mo rẹ́rìn-ín.

Sátidé kẹta. Ohun tí mo ti ń dúró dè rèé. Mo po sódà kéèkì mọ́ omi nínú abọ́ ike. Mo so ṣíbí tí kì í dípẹtà mọ́ ẹnu nẹ́gétíìfù bátìrì, mo fi wáyà titanium so òrùka mọ́ ẹnu pọ́sítíìfù. Bátìrì 9V (fóltì mẹ́sàn-án) a máa há mọ́ra: méjì di 18, mẹ́ta di 27. Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà.

Ìyá mi àgbà ní Abẹ́òkúta a máa rẹ aṣọ sínú aró, á gbé e jáde, á tún rẹ ẹ́, títí yóò fi dúdú bó ṣe fẹ́. Kò sí aró níbí. Iná ló ń mú kí awọ kan hù lára irin náà, awọ tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ní ìlọ́po tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lókè awọ náà àtèyí tó ń ta padà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ń di àwọ̀ lójú wa. Bí iná bá ṣe ga tó ni awọ ṣe ń nípọn tó.

Elése àlùkò ni ìyàwó mi fẹ́, bátìrì méjì sì ti tó. Ìkánjú mú mi há mẹ́rin pọ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti di búlúù rẹ́súrẹ́sú. Mo yọ méjì kúrò, mo tún rì í: kò padà. Awọ tó ti nípọn kì í tún fẹ́lẹ́ mọ́. Ó di sáńpépà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lẹ́yìn náà mo fi sípírítì nù ún, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì kan. Ní 9, ó rí bí oyin tí wọ́n fi omi là. Ní 18, elése àlùkò yọ, etí rẹ̀ ń fà sí aró. Àṣé ìka mi ti kan inú rẹ̀ kó tó wọ omi. Ìlà ìka náà hàn níbẹ̀ wínníwínní. Mo fẹ́ fá a. Ìyàwó mi ti gbà á, ó ti wọ̀ ọ́ sọ́wọ́.