Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ó dúró sí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àti ẹ̀yin tí ilé-ẹ̀kọ́ yín ní kí ẹ wá ṣe IT (ìkọ́ṣẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́) ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ díìsìkì Windows tó kọ̀ láti gbé kọ̀ǹpútà dìde yìí wà fún yín. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù tó ń wọlé fún àwa tí a ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Pansẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta, ni "ẹ bá mi fọ́ọ̀màtì ẹ̀", ìyẹn ni pé kí á nu ún, kí á fi Windows tuntun sí i. Ọmọ FUNAAB á gbé láptọ́ọ̀pù wá, ọmọ Poli Òjéèrè á gbé tiẹ̀ wá, ẹni tó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Ìbarà á ní kí á wá wo dẹ́sítọ́ọ̀pù òun. A ó ti díìsìkì Windows bọ̀ ọ́, a ó tan án, kò ní lọ síbi tí a rán an. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú mọ́ṣíìnì palẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé kí n káwọ́ gbera ná, kí n ka ohun tó wà lójú ẹ̀, kí n mọ ibi tó dúró sí.

Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, kì í ṣe Windows ló ń kọ́kọ́ jí. Ètò kékeré kan tó wà lára motherboard (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà) ni, èyí tí à ń pè ní BIOS lára àwọn ti àtijọ́, tí à ń pè ní UEFI lára àwọn tòde òní. Òun ló máa yẹ RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) wò, tó máa yẹ kííbọ́ọ̀dù wò, lẹ́yìn náà ló máa lọ wá Windows tàbí Linux, ètò ńlá tó ń darí kọ̀ǹpútà, káàkiri, láti ibì kan sí ibòmíràn, bí wọ́n ṣe tò wọ́n fún un. Bó bá jẹ́ hard disk, ibi tí fáìlì ń gbé nínú kọ̀ǹpútà, ló wà lókè, tí Windows tó ti bàjẹ́ ṣì ní èémí díẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ló máa wọ̀. Kò sí ohun tó ṣe díìsìkì yín nígbà náà. Wọn ò tíì pè é ni.

Nítorí náà, bí Windows àtijọ́ bá yọjú lẹ́yìn tí ẹ ti ki díìsìkì bọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ boot order nìyẹn, bí wọ́n ṣe to ibi tó máa wá Windows sí. Ẹ má lọ tún gbogbo BIOS oníbàárà tò nítorí ìyẹn. Boot menu tó, ìyẹn àkójọ tí ẹ ti lè yan ibi tó máa gbà jí lẹ́ẹ̀kan yẹn. Lára Dell àti Lenovo, bọ́tìnnì F12 ló ń ṣí i. Lára HP, ẹ tẹ Esc, kí ẹ wá tẹ F9. Acer náà ń lo F12, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ní láti fi F2 wọ inú setup (ojú ìwé ètò BIOS) lọ ṣí i sílẹ̀ ná. Bí ẹ bá ṣe ń tan án ni kí ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́, ẹ má dúró de àmì kankan. Láti orí Windows 8, "Shut down" kì í pa kọ̀ǹpútà tán nítorí Fast Startup, "Restart" ni kí ẹ lò kí bọ́tìnnì yẹn lè gbọ́ràn.

Nígbà mìíràn ẹ ó rí "Press any key to boot from CD or DVD". Gbólóhùn yẹn kì í pẹ́ lójú ẹ̀ rárá. Ẹni tó yíjú bá oníbàárà sọ̀rọ̀ á yíjú padà bá Windows àtijọ́ níbẹ̀, á ní díìsìkì ò ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tí kò sì gbọ́, tó sì jẹ́ kííbọ́ọ̀dù USB, ẹ fi sí ihò mìíràn, lẹ́yìn mọ́ṣíìnì fúnra rẹ̀, ẹ sì wò ó nínú BIOS bóyá wọ́n ti pa USB legacy support, èyí tó ń jẹ́ kí kííbọ́ọ̀dù USB ṣiṣẹ́ kí Windows tó jí.

"No bootable device" tàbí "Operating System not found" yàtọ̀ pátápátá. Ìyẹn ń sọ fún yín pé ó ti wá gbogbo ibi tó mọ̀, kò rí ohun tó lè gbé dìde. Ibí yìí ni kí ẹ ti yẹ díìsìkì wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ẹ fi sínú kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo tó parí sí .iso (ìyẹn odidi díìsìkì tí wọ́n dì sínú fáìlì kan) lẹ rí lórí ẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ dà á sórí díìsìkì bíi fáìlì lásán ni, kò lo "burn disc image" tó máa tú u sórí díìsìkì. Ó dà bí ẹni tó gbé ìyẹ̀fun láfún síwájú àlejò láìtíì rò ó. Èyí tí wọ́n kọ dáadáa á fi fódà boot, efi àti sources hàn yín, pẹ̀lú setup.exe.

Ẹ wo bó ṣe tóbi tó pẹ̀lú. CD ń gba 700 MB, DVD onípele kan ń gba 4.7 GB. ISO Windows 11 ti ju ìyẹn lọ, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ kó wọ̀ ọ́. Ẹ lo DVD onípele méjì tó ń gba 8.5 GB, tàbí fláàṣì. Ẹ sì mọ bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń já lọ́wọ́ wa níbí, tí iná á lọ láàárín ìgbà tí fáìlì ń wọlé. ISO tó wọlé lábọ̀ lè dà bí odidi lójú. Ẹ fi àṣẹ certutil -hashfile ti Windows yẹ SHA256 rẹ̀, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ fáìlì náà, wò, kí ẹ fi wé èyí tí àwọn tó ṣe é tẹ̀ jáde. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ni. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ má kọ ọ́ sórí díìsìkì kankan, ẹ lọ gba òmíràn.

Bí díìsìkì kan náà bá bùútù (ìyẹn bó bá gbé ẹ̀rọ dìde) lára kọ̀ǹpútà kejì, ẹ wá dojú kọ ẹ̀rọ tó ń ka díìsìkì. Eruku ọyẹ́ ìlú wa yìí kì í fi ojú lẹ́ńsì sílẹ̀. Òwú rírọ̀ àti ìsipirítì díẹ̀ ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn dẹ́sítọ́ọ̀pù àtijọ́ kan sì wà tó jẹ́ pé CD nìkan ni wọ́n lè kà. DVD kò ní yé wọn láéláé. Díìsìkì tí wọ́n sáré kọ tún máa ń ṣòro fún ẹ̀rọ tó ti gbó, ẹ dín eré ẹ̀ kù nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́.

Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé látorí díìsìkì kó tó dákú, ẹ má fi boot order da ara yín láàmú mọ́, ó ti kọjá ibẹ̀. Ẹ fura sí ojú díìsìkì tó ha, tàbí RAM. Ẹ yọ RAM kan, kí ẹ fi ọ̀kan tó kù dán an wò. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, torí bí ẹ bá yí mẹ́ta pa pọ̀ tó sì gbọ́, ẹ ò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

Èyí tó ń dùn mí jù ló kù. Díìsìkì á bùútù, ẹ ó dé ibi tí ẹ ó ti yan hard disk, ẹ ó wá ka "Windows cannot be installed to this disk. The selected disk is of the GPT partition style." Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ á kàn pa gbogbo partition, ìyẹn àwọn ìpín orí hard disk, rẹ́ kó lè gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Project ọdún tó kẹ́yìn ọmọ ẹni lè wà níbẹ̀, fọ́tò òbí tó ti kú lè wà níbẹ̀. Ohun tí gbólóhùn yẹn ń sọ ni pé ọ̀nà Legacy, ti BIOS àtijọ́, lẹ gbà wọlé, hard disk náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n pín ní ìlànà GPT, tó ń fẹ́ ọ̀nà UEFI. Ẹ tún un tàn, ẹ wọ boot menu, ẹ ó rí orúkọ DVD yín lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan á ní UEFI níwájú. Òun ni kí ẹ mú. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá wà, ẹ lọ wo boot mode nínú setup. Kò sí fáìlì kankan tó máa sọnù nípa yíyan ọ̀nà tó tọ́. Síbẹ̀, kí ẹ tó fọ́ọ̀màtì ohunkóhun, ẹ fi díìsìkì Ubuntu (irú Linux kan) gbé mọ́ṣíìnì dìde, ẹ yan "Try Ubuntu", kí ẹ kó fáìlì oníbàárà sí hard disk míì. Ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́, kódà bó bá ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ohun tó wà lórí Desktop wọn.

Bí kọ̀ǹpútà bá ń gbàgbé boot order tí ẹ tò fún un, tí déètì rẹ̀ sì ń padà sí ọdún àtijọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yọ ọ́ lẹ́nu iná, bátìrì CR2032 ara motherboard ló ti kú, èyí tó rí róbótó bíi kọ́ìnì. Fólítì 3 ló yẹ kó ní. Owó kékeré ni bátìrì yẹn. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀, owó bátìrì àti owó iṣẹ́ yín ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì fi èyí tó ti kú han oníbàárà.