Ìyá Ramótà ti kúrú

Ọdún ń parí lọ, oníkálukú ti ń ṣírò. Tèmi ò pọ̀: orí mẹ́sàn-án nínú ìwé kejì, eyín kan tí wọ́n yọ, àti eré orí ìtàgé kan tó kó sí mi nínú.

Lóṣù Keje ni àwọn ọmọ kan tó ń ṣe tíátà ní Tánkẹ́, nÍlọrin, fi ìwé mi àkọ́kọ́ ṣeré. (Owó tá a jọ sọ ò tíì dé o, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Nínú ìwé yẹn, Ìyá Ramótà tó ń ta wàrà lọ́jà Ìpàta ga, ó gbẹ, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò pọ̀. Ọmọbìnrin tó ṣe é kúrú, ó sì sanra díẹ̀. Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan, kò ní dáhùn. Á kọ́kọ́ fa etí ìró ẹ̀ síwájú, á tú kókó tó fi di owó, á kà á, á tún un dì, kó tó wá lanu. Gbogbo èèyàn á pa lọ́lọ́. Èmi tí mo kọ ìwé náà ń retí ohun tó fẹ́ sọ!

Mo délé, mo ń bá ìwé kejì lọ. Lóṣù Kọkànlá ni ìyàwó mi ka orí kẹfà, ó ní, "Bàbá Ìbejì, obìnrin yìí mà ti kúrú." Mo jiyàn. Mo padà kà á: ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tú kókó owó nínú orí kan ṣoṣo. Àpèjúwe ọjà tí mo fi máa ń yangàn ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo ẹ̀, bíi pé ẹnì kan ń dúró láti kọ́ ọ sórí.

Ó ti ṣe àgbà rí. Ọkọ̀ Lancia ni Morse, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Colin Dexter, ń wà; tẹlifíṣọ̀n gbé Jaguar fún un lọ́dún 1987, Dexter náà bá gbé Jaguar fún un nínú ìwé. Ti Ian Fleming, tó kọ ìwé James Bond, ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Sean Connery, ọmọ Scotland, ṣe James Bond nínú fíìmù lọ́dún 1962. Nígbà tó fi máa di ìwé Fleming ti 1964, bàbá Bond ti di ará Glencoe, ní Scotland. Ọkùnrin tó ti ń kọ̀wé lé lórí láti 1953!

Mo ti yọ mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọwọ́ mi ò gbé ọ̀kan tó kù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pàdé ọmọbìnrin yẹn ní Post Office, mo bi í níbi tó ti rí i. Ó kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ìyá àgbà mi ni, sà, ní Òró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe tá a bá ti tọrọ owó bisikíìtì."