Tíì Ṣokoléètì àti Ọsàn tí Mo Mu ní York

Bí ẹ bá dé York tí ẹ fẹ́ mu tíì nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n ń pè ní Minster, kí ẹ tó jókòó, ẹ bi wọ́n bóyá ewé tíì gidi ni wọ́n ń lò tàbí èyí tó wà nínú bébà. Ilé tíì tí èmi àti àǹtí mi kọ́kọ́ wọ̀ gba £5.80 lórí ife kọ̀ọ̀kan, tíì inú bébà tó kún ilé gbogbo wa ni wọ́n sì gbé síwájú wa, pẹ̀lú omi tí kò hó dáadáa. Nígbà tí ìwé owó dé, wọ́n ti fi owó ẹni tó gbé tíì wá kún un láìbéèrè lọ́wọ́ wa. Àǹtí mi yẹ ìwé náà wò, ó ní, "Owó tíì nìyí, àbí owó oúnjẹ ọ̀sán?" Ó pe ọmọkùnrin náà padà, ó ní kó yọ owó yẹn kúrò. Ó yọ ọ́. Ẹ má tijú rárá. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sára ìwé pé owó náà kì í ṣe dandan, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ó dùn mí gan-an, torí ohun jíjẹ àti ohun mímu ni mo tìtorí rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin láti London. Ọmọ olóko kòkó ni mí láti Oǹdó, York sì jẹ́ ìlú tí ṣokoléètì sọ di olówó. Iṣẹ́ tó padà di ti àwọn Terry ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1767, nígbà tí suwíìtì ni wọ́n ń tà. Ti Rowntree bẹ̀rẹ̀ ní 1862, ibẹ̀ náà ni KitKat sì ti jáde ní 1935. Ọdún 1932 ni Terry's gbé ṣokoléètì roboto kan jáde, tí wọ́n ṣe bí ọsàn, tó ní abala bíi ti ọsàn, tí wọ́n fi òróró èèpo ọsàn sí. Títí di òní, bí Kérésìmesì bá ti ń bọ̀, ẹ ó rí i ní gbogbo ilé ìtajà ní Bírítéènì. Ní York fúnra rẹ̀, wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ náà pa láti 2005, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. A rìn dé ojú ọ̀nà Bishopthorpe láti lọ wò ó. Ilé gogoro tó ní agogo ṣì dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé gbígbé ni wọ́n ti sọ ilé iṣẹ́ náà dà. Àǹtí mi, tó wá láti Leeds níbi tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ní ẹsẹ̀ ń ro òun, ká wá ibi tí a ti máa rí ohun gidi mu.

A gba Shambles kọjá, òpópónà tóóró tí àwọn alápatà ti ń ta ẹran láyé àtijọ́. Èrò pọ̀ níbẹ̀ débi pé a kò lè dúró wo ohunkóhun. Ẹ má gba ibẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé tí ẹ kò bá fẹ́ràn kí wọ́n máa tì yín.

Ọ̀nà kékeré kan lẹ́yìn ibẹ̀ ni inú mi ti yọ́. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá kan lọ. Agolo ló kún ara ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè, òórùn tó sì pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà dá mi dúró: ó dà bíi ti yàrá tí bàbá mi àgbà máa ń kó àpò kòkó gbígbẹ sí. Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kò fi ọjà lọ̀ wá. Ó kí wa, ó ṣí agolo kan, ó tún ṣí òmíràn, ó ní kí a máa gbọ́ òórùn wọn. Nígbà tí mo sọ fún un pé torí ṣokoléètì la ṣe wá, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sókè, ó gbé agolo kan tí wọ́n kọ ṣokoléètì, ọsàn àti Pu-erh sí lára wá sílẹ̀.

Àwa tí a dàgbà pẹ̀lú tíì pupa àti mílíìkì inú agolo, ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí. Yunnan, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn China, ni Pu-erh ti ń wá, lára igi tíì tí ewé rẹ̀ máa ń tóbi. Wọ́n á ká a, wọ́n á yan án nínú agbada, wọ́n á sá a sóòrùn. Láyé àtijọ́, wọ́n á fún un pọ̀ di ìṣù pẹlẹbẹ, wọ́n á dì í lé ẹṣin àti ìbaaka lórí, ó di Tibet. Bó ṣe ń pẹ́ sí i ni adùn rẹ̀ ń yí padà, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Irú tí wọ́n fi ṣe tiwa yìí kò dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 1973, àwọn tó ń ṣe tíì ní Kunming, ìlú kan ní Yunnan, rí ọ̀nà láti mú un yá. Wọ́n á kó ewé náà jọ di òkìtì, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á fi aṣọ bò ó kó lè gbóná, wọ́n á sì máa yí i lóòrèkóòrè. Láàárín oṣù kan ààbọ̀ sí oṣù méjì, ewé náà á ti dúdú, ìkorò rẹ̀ á ti rọ̀.

Obìnrin náà ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń bò ó yìí fún wa, kò tíì sọ ọ́ tán tí àǹtí mi fi kígbe, "Kòkó nìyẹn!"

Òótọ́ sì ni. Ohun tí à ń ṣe lóko wa gan-an nìyẹn. Bí a bá la kòkó, a ó kó hóró rẹ̀ pẹ̀lú funfun tó ń yọ̀ lára rẹ̀ jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó tún fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Á kọ́kọ́ mú òórùn ọtí jáde, á wá di òórùn kíkan. Bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà lọ́jọ́ kẹta, ẹ ó tètè yọ ọ́, torí gbígbóná rẹ̀. A ó yí i, a ó tún bò ó, ó di bí ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà kí a tó kó o jáde sóòrùn. Kòkó tí wọn kò bá bò, tí wọ́n kàn là tí wọ́n sì sá, ìkorò àti kíkẹ́ lẹ́nu ló máa ní. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ yan án tí adùn ṣokoléètì máa jáde nínú rẹ̀. Mo sọ gbogbo èyí fún obìnrin náà. Ó gbé agolo sílẹ̀, ó jókòó, ó sì ń bi mí ní ìbéèrè lórí ìbéèrè. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ilé tíì àárọ̀ yẹn pátápátá.

Ó wá bu ewé náà sínú ìkòkò tíì kékeré kan. Èèpo ọsàn gbígbẹ wà nínú rẹ̀ wẹ́wẹ́, èèpo kòkó náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú hóró kòkó tí wọ́n fọ́. Ó da omi híhó sí i, ó sì dà á nù lójú ẹsẹ̀. Àǹtí mi ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ní wọ́n máa ń ṣan tíì tí wọ́n bò bẹ́ẹ̀, kí eruku rẹ̀ lọ, kí ewé tó ká jọ sì là. Omi kejì ló rọ fún wa. Pupa tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú ni.

Kò sí ṣúgà kankan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ṣe é bíi pé ó ń wá ṣúgà. Kòkó ni ahọ́n mi kọ́kọ́ mọ̀, kòkó gidi, kì í ṣe ti ṣokoléètì onímílíìkì, ó sì korò díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Tíì fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ki, ó tẹ́jú lẹ́nu, kò kẹ́ ọ̀nà ọ̀fun bí tíì pupa tó bá pẹ́ jù nínú omi. Ọsàn kò fi ara hàn àfi ìgbà tí mo gbé e mì, òórùn èèpo rẹ̀ wá gba imú mi jáde. Ó tún da omi sí ewé kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí ọsàn ló ṣáájú. Ìgbà tó fi máa tún da omi mìíràn sí i, kòkó ti ń lọ, Pu-erh ló kù, ó sì rọ̀ lọ́fun ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èmi fẹ́ràn ti àárín yẹn jù.

Àǹtí mi ní òun kò lè mu tíì láìsí mílíìkì. Wọ́n fún un. Lójú tèmi, mílíìkì pa ọsàn inú rẹ̀ pátá, ó sì sọ ìyókù di Bournvita tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òun ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ tọ́ ọ wò láìsí mílíìkì ná, ẹ jọ̀ọ́.

Ọsàn kì í sì ṣe àlejò lára Pu-erh. Ní Xinhui, ní ìpínlẹ̀ Guangdong ní China, wọ́n máa ń yọ inú ọsàn kékeré irú táńjárìn, wọ́n á há ewé Pu-erh sínú èèpo náà, wọ́n á sì sá odindi rẹ̀ gbẹ. Obìnrin náà ní irú rẹ̀ nínú agolo kan, ó gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, ó fúyẹ́, ó sì ń ta sánsán. Kòkó nìkan ni àwọn tó ṣe tiwa yìí fi kún ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó. £9 ni 50 gíráàmù. Àǹtí mi ní kí wọ́n bá wa dín in kù, wọn kò dín kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gba kọ́bọ̀ kankan lórí gbogbo èyí tí a mu níbẹ̀. Mo jókòó ṣírò rẹ̀. Gíráàmù márùn-ún tó fún ìkòkò kan, ìkòkò mẹ́wàá nìyẹn, ẹ sì lè da omi sí ewé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọgbọ̀n pẹ́ńsì ni ife kọ̀ọ̀kan já sí. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ £5.80 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa láàárọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló bí mi nínú ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Obìnrin yìí mọ òkè tí tíì rẹ̀ ti wá, ó mọ ọdún tí wọ́n ká a, ó mọ ìlú tí wọ́n ti ń há a sínú ọsàn. Mo bi í níbo ni kòkó inú rẹ̀ ti wá. Ó yí àpò rẹ̀ síwá sẹ́yìn. "Áfíríkà" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ti Kodifuà ni, ṣé ti Gánà ni, ṣé tiwa ni? Wọn kì í kọ "Éṣíà" sára tíì kí wọ́n sì dákẹ́. Owó kòkó wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi san ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, òun náà ló kọ́ Ilé Kòkó sí Dùgbẹ̀, tí wọ́n parí ní 1965. Àgbẹ̀ tó ń jí lọ yí òkìtì kòkó ti ṣe iṣẹ́ tó tó ti ẹni tó ń yí òkìtì tíì ní Yunnan, orúkọ ìlú rẹ̀ sì yẹ kó wà lára àpò. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Kò bínú. Ó mú bíróò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun máa bi àwọn tó ń kó o wá fún òun.

Mo ra àpò kan, àǹtí mi náà ra tirẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ráhùn lórí owó náà. Nílé rẹ̀ ní Leeds lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn iyán, a tún se é. Omi híhó gan-an ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó kàn gbóná. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó fún ti àkọ́kọ́.

Ní báyìí, Pu-erh lásán ni mo máa rà, torí owó rẹ̀ kéré sí ti èyí tí wọ́n ti pò pọ̀. Bùrọ̀dá mi máa fi kòkó tí wọ́n bò dáadáa, tó sì gbẹ, ránṣẹ́ láti Oǹdó, èmi máa yan án, máa fọ́ ọ, máa sá èèpo ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Ìwọ̀n tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ni ṣíbí tíì méjì Pu-erh, ṣíbí kan kòkó fífọ́, àti èèpo ọsàn tí kò ju ìdajì ṣíbí lọ, torí bí ọsàn bá pọ̀ jù, òun nìkan ni ẹ ó máa mu.