Maṣíìnì wẹ́dà oníwáyà tí mo rà, àti ilé adìẹ tí ò tíì parí

Sátidé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ilé adìẹ tí mo ní mo fẹ́ fi irin ṣe lẹ́yìnkùlé wa ní Ìlódè, nífẹ̀ẹ́ yẹn, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ jó o. Bọ̀ọ̀dá wẹ́dà kan ní Láàgéré ló kọ́kọ́ bá mi jó férémù, sikuéà páìpù oní-ínṣì kan ni, ara ẹ̀ ò nípọn ju mílímítà 1.5 lọ, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀dù, ọ̀pá tí wọ́n fi ń jó irin, wá lù ú ní ihò bí aṣọ tí eku jẹ. Kì í ṣe pé bọ̀ọ̀dá ò mọṣẹ́ o, maṣíìnì ńlá tí wọ́n ń lò, géètì ló wà fún. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa wá èyí tí wáyà ń ti inú ẹ̀ jáde fúnra ẹ̀, tẹ́ẹ bá ti tẹ ọwọ́ ẹ̀ báyìí, ó ti ń jó nìyẹn.

Irú méjì ló wà lójà. Ọ̀kan ń lo gáàsì tó ń bo ojú ibi téèyàn ń jó kí atẹ́gùn má bàa bà á jẹ́, èkejì ò lo gáàsì rárá, oògùn tẹ́ẹ máa ń rí lára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀dù, inú wáyà níbí ni wọ́n kó o sí. Kí n má parọ́, ti gáàsì ló dáa jù fún irin fẹ́lẹ́, ojú ẹ̀ mọ́, kò sí ìdàrọ́ téèyàn á máa gbá kúrò. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa gbé sílíńdà kiri, àti pé abẹ́ igi máńgòrò nìta ni mo ti ń ṣiṣẹ́, atẹ́gùn á kàn fẹ́ gáàsì yẹn lọ ni. Mo bá mú èyí tó lè lo méjèèjì, ṣùgbọ́n wáyà olóògùn oní-mílímítà 0.8 ni mo ń lò báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sára ẹ̀ tàn yín jẹ. Ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ wo kékeré tó wà níbẹ̀. Tèmi, tó bá wà lórí 120 amp, ìyẹn bí iná tó fi ń jó ṣe pọ̀ tó, 20% ni wọ́n kọ, ìyẹn ni pé nínú ìṣẹ́jú 10, ìṣẹ́jú 2 péré lẹ ó fi jó o, 8 yòókù ẹ jẹ́ ó sinmi. Fún èmi ò sí wàhálà, èmi gan-an máa ń sinmi jù ú lọ. Iná lọ̀rọ̀ wà. Iná NEPA wa, kì í pé 180 volt nírọ̀lẹ́, jẹ́nẹ́ mi sì jẹ́ 2.8 kVA, tí mo bá sún un dé 120 ó máa kú fin-ín ni, àmọ́ ní nǹkan bí 70 ó ń gbé e, páìpù mi ò sì nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wáyà ẹ̀síténṣọ̀n tín-ínrín tá a fi ń wo tẹlifíṣọ̀n, ẹ má dán an wò, ó gbóná débi tí rọ́bà ẹ̀ fi rọ̀.

Sọ́ńdè. Ojú tì mí. Mo jó o, ó ń ta pàrà pàrà kiri bí àgbàdo tó wà lórí iná, ojú ẹ̀ wá rí bí àkàrà tó jó, ihò wẹ́wẹ́ kún inú ẹ̀. Bàbá tó wà ní yàrá kejì yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ Ifẹ̀, ìlú tí Òkè Mọ́gún, ojúbọ Ògún, wà, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí?" Mo kan ní "Ẹ má bínú sà." Wákàtí kan àbọ̀ ni mo fi ń yí iná sókè sódò kí n tó ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo wá rí i pé ti gáàsì ni wọ́n so ó sí láti ilé iṣẹ́. Wáyà olóògùn, nẹ́gátíìfù ló yẹ kó wà lọ́wọ́ téèyàn fi ń jó, pósítíìfù kó lọ síbi áàtì, ìyẹn èyí tó ń di irin mú. Mo pààrọ̀ méjèèjì, ariwo ẹ̀ yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó wá ń dún bí ẹran tó ń dín nínú òróró.

Tọ́sìdeè. Mo fún róòlù tó ń ti wáyà mọ́ra jù, ó ká jọ sínú bí irun ọjọ́ mẹ́ta, mo gé bí mítà méjì dànù. Mo jó apá mẹ́ta férémù, díẹ̀díẹ̀ ni o, kín-ún, mo dúró, kín-ún, mo dúró, kó má baà lu ihò. Àbúrò mi tó ní òun kàn fẹ́ wò láìwọ gọ́gùlù, lóru ló ń pariwo pé iyanrìn wà lójú òun, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ wẹ́dà ló ṣe é.

Ó ku ìlẹ̀kùn àti ínjì ẹ̀. Àwọn adìẹ ṣì ń sùn ní kíṣíìnì, ìyàwó mi sì ti ń ka ọjọ́.