Àbàtà tó bá odò tan

Ẹni tó bá ń sin ẹja àrọ̀ mọ̀ pé omi gan-an lèèyàn ń sìn. Pọ́ńdì méjì ni mo ní lẹ́yìn ilé wa, lọ́nà Oǹdó nílẹ̀ Ifẹ̀ níbí. Bí omi bá ti ń rùn, tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹnu sókè, n óò tú u dànù, n óò fa tuntun láti inú kànga. Odò kékeré tó ṣàn kọjá lẹ́yìn ọgbà ni mo ń tú u sí. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ mí lọ́wọ́ wò, àfi Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ nísàlẹ̀ odò.

Ó wá bá mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan. "Bàbá Tọ́lá, ẹ dákun, ẹ wá wo ohun tí ẹ ń fún odò jẹ."

Mo tẹ̀ lé wọn. Ojú oró ti bo omi pátápátá. Ojú oró ní í lékè omi, àdúrà tí à ń gbà fún ọmọ ìkókó ni, ṣùgbọ́n èyí ti lékè jù. Abẹ́ rẹ̀ ń rùn, kò sí akàn, kò sí ẹja wẹ́wẹ́ kan. Tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ń fi omi náà bu rin ńkọ́? Ó ṣú dùdù, ewé rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi.

Àṣírí tú lójú mi níbẹ̀. Oúnjẹ tí mo ń rà fún ẹja, bí ìdá 40 sí 45 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ purotéènì, náítrójìn sì ń bẹ nínú purotéènì. Èyí tó pọ̀ jù nínú náítrójìn yẹn ni ẹja ń tú padà sínú omi. Fọsifọ́rọ́ọ̀sì náà ń bá a lọ. Fatiláísà ni mo ń dà sódò láìmọ̀! Ewéko á yọ̀, á kún, á kú, á jẹrà, jíjẹrà yẹn ni yóò sì gba atẹ́gùn tó wà nínú omi mọ́ ẹja lẹ́nu.

Àwọn àgbà ní àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Ó kàn ń díbọ́n ni. Ọmọ Jámánì kan, Käthe Seidel, ti ń dán an wò láti bí ọdún 1950 sókè pé koríko etí omi lè fọ omi ìdọ̀tí. Èmi náà gbẹ́ kòtò àbàtà kan tí omi pọ́ńdì yóò gbà kọjá kó tó dé odò: ẹsẹ̀ bàtà 30 ní gígùn, 6 ní fífẹ̀, 2 ní jíjìn. Mo tẹ́ ọ̀rá nípọn sísàlẹ̀, mo da òkúta sí i, mo gbin ìdò àti kókò.

Òkúta àkọ́kọ́ ló kó bá mi. Onítípà já erùpẹ̀ òkúta fún mi, mo ní kò burú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó dí pa, omi ń gorí rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i. Mo kó gbogbo rẹ̀ kúrò (ẹ̀yìn mi ò tíì dárí jì mí), mo ra òkúta wẹ́wẹ́ gidi. Àlàfo àárín òkúta yẹn ń gba bí 4,000 lítà. Tí mo bá rọra ń tú 1,300 sí i lóòjọ́, omi á lo ọjọ́ mẹ́ta kó tó jáde.

Lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó wà níbi tí atẹ́gùn dé, nítòsí gbòǹgbò, á sọ amóníà, ìyẹn irú náítrójìn tí ẹja ń tú jáde, di náítíréètì, irú mìíràn. Àwọn ti ìsàlẹ̀, níbi tí kò sí atẹ́gùn, á sọ náítíréètì di náítrójìn lásán tí yóò fẹ́ lọ sójú ọ̀run. Fọsifọ́rọ́ọ̀sì ni kì í fò. Ara òkúta àti inú ewé ló ń sá sí, òkúta náà á sì yó lọ́jọ́ kan. Èyí ni mo gbàgbé: mo jẹ́ kí ìdò wó síbẹ̀, kó jẹrà síbẹ̀, gbogbo ohun tó mu sì padà sínú omi. Báyìí mo ń gé e, mo ń kó o jáde.

Akàn ti padà. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ náà ti padà wá: tẹ̀tẹ̀ wọn ò ṣú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo ní kí wọ́n máa wá kó ìdò tí mo bá gé, kí wọ́n rì í mọ́ ebè wọn. Báró mi ni wọ́n fi ń kó o, wọn kì í sì í dá a padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e.